Ṣé Àkatakítí Ni Kíkọ Ìwà Alákatakítí?

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bá ti péjọ. Bí ẹnì kan bá kórìíra gbogbo ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, tí ó ń pe àwọn Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kèfèrí, tí ojú rẹ̀ kò sì gba aládùúgbò tí ń ṣe ẹ̀sìn mìíràn, ṣé ó yẹ kí a fàyè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n bá sì kọ̀ láti fàyè gbà á ńkọ́? Ǹjẹ́ àwọn náà kò tíì di alákatakítí bí tirẹ̀?

Àwọn kan ní ẹni tí ó bá ń wàásù ìfaradà gbọ́dọ̀ fara da ohun gbogbo. Àwọn mìíràn ní alákatakítí kò ní ẹ̀tọ́ kankan, ohun tí a ń ṣe fún ejò ni kí a ṣe fún un. Èrò méjèèjì kò tọ́. Ìtàn Islam ti fi ọ̀nà kẹta hàn láti ayé àwọn Sàhábà.

Ní ọdún 657, lẹ́yìn ogun Siffin, Khalifa Ali bin Abi Talib (R.A.) gbà kí àwọn onílàjà dá sí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Mu'awiya. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bínú yapa. Wọ́n ní Ọlọ́hun nìkan ni ó ni ìdájọ́, ẹni tí ó bá sì fi ènìyàn ṣe onídàájọ́ ti di kèfèrí. Àwọn wọ̀nyí ni ìtàn ń pè ní Khawarij. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ nínú ìjọsìn. Wọ́n ń kírun òru, wọ́n ń gba ààwẹ̀, wọ́n sì ń ké Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí kò bá ti sí lẹ́yìn wọn, kèfèrí ni lójú wọn.

Kí ni Ali ṣe fún wọn? Àwọn òpìtàn ròyìn pé ìlérí mẹ́ta ni ó ṣe: òun kò ní lé wọn kúrò ní mọ́sáláṣí, òun kò ní fi ìpín wọn nínú owó ìlú dù wọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ wọn bá ṣì wà pẹ̀lú ọwọ́ àwọn yòókù, òun kò sì ní kọ́kọ́ gbé ogun tì wọ́n. Ó rán Abdullah bin Abbas sí wọn, ó fi Àlùkùránì bá wọn jiyàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì ronú pìwà dà.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí àwọn tí ó kù pa Abdullah bin Khabbab, tí í ṣe ọmọ Sàhábà, tí wọ́n sì pa ìyàwó rẹ̀ tòun ti oyún nínú. Ali ní kí wọ́n fa àwọn apànìyàn náà lé òun lọ́wọ́. Wọ́n dáhùn pé gbogbo àwọn ni àwọn jọ pa á. Èyí ni ó fa ogun Nahrawan ní ọdún 658. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi Ali léèrè bóyá kèfèrí ni àwọn tí ó bá jà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní arákùnrin tí ó ṣọ̀tẹ̀ ni wọ́n. Ní ọdún 661, ọ̀kan nínú wọn, Ibn Muljam, fi idà olóró ṣá a ní Kufa. Lórí ibùsùn ikú, Ali pàṣẹ pé kí wọ́n fún ọ̀daràn náà ní oúnjẹ, kí wọ́n má ṣe gé ẹ̀yà ara rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe torí òun pa ẹlòmíràn.

Ta ni yóò pe Ali ní alákatakítí? Ohun tí ènìyàn jẹ́ ni alákatakítí fi ń bá a jà. Ohun tí ọwọ́ àwọn Khawarij ṣe ni Ali fi bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ ni ó fi dá ọ̀rọ̀ lóhùn, agbára ni ó sì fi dá agbára dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Suratul-Mumtahanah, ní ẹsẹ 8 àti 9, ya ẹni tí kò gbógun ti Mùsùlùmí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbógun tì í. Suratul-Ma'idah, ní ẹsẹ 8, sì kìlọ̀ pé ìkórìíra kò gbọ́dọ̀ mú onígbàgbọ́ kúrò lórí déédéé. Ní ọdún 1945, Karl Popper, ọ̀mọ̀ràn ọmọ Austria, kọ̀wé pé àwùjọ tí kò bá fi ààlà sí ìfaradà yóò pàdánù ìfaradà náà, ṣùgbọ́n pé àlàyé ni kí a kọ́kọ́ lò. Ali ti fi èyí ṣèwàhù ní ohun tí ó lé ní 1,250 ọdún ṣáájú rẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: ṣé kí a jókòó títí wọn yóò fi pànìyàn ni? Rárá o. Igi tí yóò gúnni lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ali kò sùn. Ó rán onímọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ti di ìpè sí ìpànìyàn ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, òfin ni ó yẹ kí ó dá a dúró.

Nàìjíríà ti rí ẹ̀kọ́ yìí ní tòótọ́. Nígbà tí Muhammad Yusuf ń wàásù rẹ̀ ní Maiduguri, Sheikh Ja'far Mahmud Adam, tí Yusuf ti jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, fi ìmọ̀ takò ó ní gbangba. Wọ́n yìnbọn pa Sheikh náà níbi ìrun Àsùbáà ní Kano ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Ní oṣù keje ọdún 2009, lẹ́yìn tí àwọn ọmọlẹ́yìn Yusuf ti gbé ohun ìjà, àwọn ṣọ́jà mú un láàyè, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìbọn pa á ní àhámọ́ láìfojú kan ilé ẹjọ́. Ìpakúpa kò torí bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró; ńṣe ni ó burú sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2014, bọ́ǹbù àti ìbọn pa ènìyàn tí ó lé ní 100 níbi ìrun Jímọ̀ ní Mọ́sáláṣí ńlá Kano. Dídá wọn dúró tọ́. Pípa ẹni tí ó ti wà ní ìdè kò tọ́. Ibn Muljam pàápàá rí oúnjẹ jẹ.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kan ilé kóówá. Nígbà tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má lo hijab ní àwọn ilé-ìwé ìjọba Èkó, àwọn Mùsùlùmí kò gbà á mọ́ra, wọn kò sì sọ òkò. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì dá wọn láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ìyẹn kì í ṣe àkatakítí. Ṣùgbọ́n abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 tí ó dáàbò bo ọmọbìnrin Mùsùlùmí náà ni ó dáàbò bo ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ náà fún ara rẹ̀ tí ó sì fi du aládùúgbò rẹ̀ ti di ohun tí ó ń bá jà.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ dìde sí alákatakítí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ọ̀rọ̀ ni ẹni náà sọ, àbí ó ti fi ọwọ́ kan ènìyàn? Ṣé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni òun dojú kọ, àbí gbogbo ìdílé àti ẹgbẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn tí òun bá sì ti dá a dúró, ṣé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì pé lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó bá lè fi òdodo dáhùn, kí ó má bẹ̀rù orúkọ tí wọn yóò pè é. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó jókòó tún ọkàn rẹ̀ ṣe.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹyẹ tí ó bá ní òun nìkan ni yóò máa fò ni kí a dá lẹ́kun; kí a má ṣe torí rẹ̀ ké ìyẹ́ gbogbo ẹyẹ. Kí Ọlọ́hun (S.W.T.) fi wá sí ara àwọn olùṣe déédéé. Àmín.