Òrùlé Ọkọ̀ Ìyá Wa

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ náà ló yẹ kí a wò kí a tó kan òrùlé lé e lórí. Èmi kò wo ọkọ̀ kí n tó dá ìmọ̀ràn, ohun tí ó sì tìdí rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Káfíńtà ni àbúrò mi ọkùnrin. Oṣù 8 ni ó fi kan ọkọ̀ onígi kan lẹ́yìn ilé wa ní Ìgbókọ̀dá, kí ìyá wa lè máa fi gbé ọjà lọ sí àwọn ìletò Ìlàjẹ tí ó wà lórí omi. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 7, ó sì ní yàrá kékeré kan láàárín, níbi tí ìyá wa yóò ti máa sá fún oòrùn àti òjò. Nígbà tí iṣẹ́ dórí òrùlé, ó béèrè èrò mi. Mo ní, “Pákó tó nípọn ni kí o lò, kí o sì fi páànù bò ó. Màmá ló máa jókòó sábẹ́ rẹ̀.” Lójú tèmi, ìfẹ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ sómi, ìyá wa wọ inú rẹ̀, wọ́n sì nawọ́ láti gba agbọ̀n iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ náà fì sí apá ibi tí wọ́n wà, kò sì padà. Omi ti dé kókósẹ̀ wọn kí àbúrò mi tó fò sí apá kejì. Orí yọ wá. Ìyá wa bọ́ sí èbúté, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ kú.”

Ẹrù tí ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ a máa mú un dúró ṣinṣin. Èyí tí ó wà lókè ni í máa tì í ṣubú. Òrùlé wa gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 1.8. Pákó líle tí ó nípọn ní mìlímítà 25, pẹ̀lú páànù orí rẹ̀, lé ní kílò 110. Ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà méjì tí kò sanra bá jókòó sókè yàrá náà láti àárọ̀ dalẹ́. Síbẹ̀, ooru inú yàrá kò ṣeé fara dà.

Mo bẹ àbúrò mi. Ó tú òrùlé náà. Ó tẹ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrun, kí àárín lè ga ju etí lọ, kí omi òjò má sì dúró. Ó tẹ́ plywood tí ó nípọn ní mìlímítà 4 lé wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó to fóòmù funfun pẹlẹbẹ sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, ní ìnípọn mìlímítà 25. Ó tún fi plywood mìíràn bò ó, ó sì fi epoxy lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Plywood méjì tí ó jìnnà síra báyìí kì í tètè tẹ̀. Fóòmù ni ó yà wọ́n nípa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ooru ráyè kọjá. Ó fi aṣọ fáíbà àti epoxy bo òkè, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun tí ń dá ìtànṣán oòrùn padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 40 lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta o. Polyester resin tí wọ́n sábà fi ń ṣe ọkọ̀ fáíbà a máa jẹ fóòmù funfun run. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára èyí tí ẹ gé kù. Ibi tí ìṣó onídè yóò bá wọ̀, ẹ fi igi líle rọ́pò fóòmù, kí ẹ sì dí etí gbogbo kí omi má baà wọlé. Ẹ kò sì gbọdọ̀ dáná sábẹ́ rẹ̀, nítorí fóòmù náà a máa gbiná, èéfín rẹ̀ sì léwu.

Kí ìyá wa tó tún wọ ọkọ̀ náà, èmi àti àbúrò mi wọ ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí, a jọ dúró sí etí kan ṣoṣo. Ọkọ̀ fì díẹ̀, ó sì padà. Ìyá wa ń wò wá láti èbúté. Wọ́n ní kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. A tún un ṣe. Nígbà náà ni wọ́n tó ní kí n gbé agbọ̀n iyọ̀ wá.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.