Ìtàn Àròsọ Kò Fún Ni Láṣẹ Láti Purọ́ Mọ́ Ilé Onílé

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di àpáta ìsádi fún àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti àwọn tí ń gbèjà wọn: "Ìtàn àròsọ ni." Bí a bá ní òpópó tí wọ́n júwe kò sí níbi tí wọ́n fi í sí, wọn a ní ìtàn àròsọ ni. Bí a bá ní ilé tí wọ́n pè ní ojúbọ kò ṣe ojúbọ rí láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ, ìtàn àròsọ náà ni. Àwíjàre yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó lè gba ènìyàn sílẹ̀.

Ẹ wo ìwé The Da Vinci Code tí Dan Brown, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2003. Kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ó ti ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní òtítọ́, tí ó sì sọ níbẹ̀ pé gbogbo àpèjúwe iṣẹ́ ọnà, ilé, ìwé àkọsílẹ̀ àti ètùtù ìkọ̀kọ̀ inú ìwé náà ni ó pé pérépéré. Ẹni tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ búra báyìí ti jáde kúrò lábẹ́ ibòji àròsọ. Ojú ewé yẹn kan náà ni ó ti ní ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kan tí ń jẹ́ Priory of Sion ti wà láti 1099. Ní 1956 ni Pierre Plantard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Faransé! Ó tún ní awẹ́ gíláàsì 666 ni ó wà lára ilé gíláàsì ṣóńṣó iwájú Louvre. 673 ni àwọn onílé kà.

Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Sulpice ní ìlú Paris ni ọ̀ràn náà kàn jù. Ìlà idẹ tín-ín-rín kan là nílẹ̀ ilé ìsìn náà kọjá, ó sì gun ara òpó òkúta funfun kan lọ sókè. Nínú ìtàn, ìlà yìí di àmì awo, ilé ìsìn náà sì di èyí tí a kọ́ lé orí àlàpà ojúbọ àtijọ́. Apànìyàn kan fọ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ òpó náà lóru, ó sì pa obìnrin tí ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó dára, kí ó pa á; iṣẹ́ apànìyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni ìlà náà gan-an? Àlùfáà ìjọ náà kan, Languet de Gergy, ni ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn dọ́gba, kí ó lè mọ ìgbà tí ọdún Àjíǹde yóò bọ́ sí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ bá a ṣe é. Ihò kékeré kan wà lára fèrèsé ìhà gúúsù. Bí ó bá di ọ̀sán gangan, ìtànṣán oòrùn a gba ibẹ̀ wọlé, a sì bọ́ sórí ìlà náà. Ibi tí ó bá bọ́ sí ni a fi ń mọ ìgbà nínú ọdún. Nígbà òtútù, tí oòrùn kò ga lójú ọ̀run, ìtànṣán a rìn jìnnà títí yóò fi gun ara òpó. Ǹjẹ́ awo wo ni ó yani lẹ́nu tó èyí? Òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ìbá ti fi oòrùn yẹn mú ọ̀daràn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà lẹ ìwé kan mọ́ ibẹ̀ tí ó ṣàlàyé pé ìlà náà kì í ṣe àlòkù ojúbọ kankan, àti pé Peter àti Sulpice ni lẹ́tà P àti S ara fèrèsé ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Westminster Abbey kò gbà kí a ya fíìmù ìwé náà nínú ọgbà wọn ní 2005. Kàtídírà Lincoln ni ó ṣílẹ̀kùn. Ìwé ara ògiri gbọ́n ju ìlẹ̀kùn títì lọ, nítorí ó jẹ́ kí òǹkàwé fi ojú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Àwọn kan yóò ní irọ́ náà mú èrò wá. Òótọ́ ni pé èrò ya lọ sí Rosslyn ní Skọ́tílándì, ilé ìsìn tí a dá sílẹ̀ ní 1446, lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Ṣùgbọ́n òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe àròsọ, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò ìbúra ẹnikẹ́ni.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn nílé? Láti ìgbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969 ni ìtàn ọ̀daràn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ irú rẹ̀ lónìí ń bẹ, púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ pé ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé ni ó rọrùn jù. Ó rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 2016 ni a wó Ilojo Bar ní Tinúbu l'Ékòó, ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Ọmọ ilé-ìwé mélòó ni ó mọ orúkọ rẹ̀ kí ó tó di àlàpà?

Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929 ṣì wà lórí òkè rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹni tí yóò bá fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà, kí ó ka àtẹ̀gùn rẹ̀, kí ó sì bi àwọn tí ń tajà nísàlẹ̀ léèrè ohun tí ojú wọn ti rí. Olùkọ́ tí yóò sì kọ́ni ní ìwé náà, kí ó kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ tìwé-tìwé lọ́wọ́, kí wọ́n tún àtẹ̀gùn náà kà.