Ṣé Olè Ni Gbogbo Èkó?

Inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó gbẹ̀yìn rí iṣẹ́ sí Èkó. Iṣẹ́ gidi ni, irú èyí tó ti ń wá láti ìgbà tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un láti fi dáhùn. Inú gbogbo wa dùn, àfi Màmá. Màmá jókòó sílé wọn ní Òṣogbo, wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí kò ní í lọ gbé ìlú olè.

Mo pè wọ́n lórí fóònù láti bẹ̀bẹ̀. Èsì tí wọ́n fún mi pa mí lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ tí wọ́n jà lólè níbẹ̀ lo tún ń bẹ̀bẹ̀ fún un? Ṣebí ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ bí Èkó ṣe rí."

Òótọ́ ni. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti dárúkọ Èkó níbi àpèjẹ ìdílé wa, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí. Mo sì mọ ìtàn náà sọ. Mo mọ ibi tí àwọn èèyàn yóò ti mí kanlẹ̀, mo mọ ibi tí wọn yóò ti pòṣé. Ìgbà tí ìtàn mi fẹ́ di ohun tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi léèrè pé: orúkọ burúkú tí Èkó ní yìí, ṣé ó tọ́ sí i? Ṣé ó sì tilẹ̀ ń ṣe àlejò tó ń lọ síbẹ̀ láǹfààní kankan?

Ká sọ tòótọ́, orúkọ náà kò dédé wá. Àwọn àgbà kúkú ti ń wí tipẹ́tipẹ́ pé Èkó gbolè, ó gbọ̀lẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, etí òkun Bar Beach ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ògbójú adigunjalè tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ èrò ló péjọ láti wò ó. Àwọn tó wò ó sọ fún àwọn tí kò wò ó, ìròyìn náà sì dé abúlé tí ẹnikẹ́ni kò ti dé Èkó rí. Nígbà tí àwa náà ń dàgbà, Òṣòdì ló gba ipò. Títí di oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tó wà níbẹ̀, ọjà ti bo ojú títì, ó ti bo ojú irin. Ẹsẹ̀ kò gbèrò, ibi tí ẹsẹ̀ kò bá sì ti gbèrò, ọdún àwọn afọwọ́rá ni. Ní àdúgbò wa ní Òṣogbo, bí ọmọdé bá yọ́ ẹran mú nínú ọbẹ̀, "ọmọ Òṣòdì" ni wọ́n máa ń pè é.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo gbé sọ́kàn lọ́dún 2012, nígbà tí èmi nìkan kọ́kọ́ dá lọ sí Èkó fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Àwọn ará ilé kó ìmọ̀ràn fún mi bí ẹni kó ẹrù fún ìyàwó. "Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kí ọ, má dáhùn. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlejò ni ọ́. Olè ni gbogbo wọn." Màmá nìkan ló fi ohun kan tó yàtọ̀ kún un. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù àbúrò wọn tó ń gbé Sùúrùlérè sínú ìwé pélébé kan, wọ́n ní kí n fi í sínú bàtà mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ̀tá. Àǹtí mi ti ṣàlàyé ọ̀nà fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, tí mo gbọ́ ohùn àwọn agbèrò, gbogbo àlàyé náà fò lọ lórí mi. Ìyá kan ń ta búrẹ́dì létí ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó kí mi, n kò dáhùn. Ó wù mí kí n bi í pé níbo ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Níkẹyìn, ọkọ̀ kékeré kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ariwo nínú rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta tó múra bí òṣìṣẹ́ ìjọba ló jókòó síbẹ̀, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Lójú mi, ọkọ̀ náà jọ ibi ìsádi láàrin ìlú olè. Mo wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Wán ṣáǹsì nìyẹn. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, láti orí awakọ̀ títí dé orí èrò, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Àlejò tó ń kánjú, tí kò mọ̀nà, tí kò sì fẹ́ béèrè, ni wọ́n ń dẹ. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gba owó mi, wọ́n gba báàgì tí ìwé ẹ̀rí mi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tì mí bọ́ọ́lẹ̀ nítòsí Maryland. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Ọ̀jọ̀tá pẹ̀lú omijé lójú, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀.

Ibi tí mo máa ń parí ìtàn náà sí nílé nìyẹn. N ó ní, "Bí Ọlọ́run ṣe yọ mí nìyẹn o," gbogbo ilé yóò sì dáhùn pé, "Ọlọ́run ṣeun." Ìtàn náà ṣẹ́ kù. N kò sì sọ ìyókù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí títí di oṣù tó kọjá.

Ìyá oníbúrẹ́dì ló rí mi nígbà tí mo padà dé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọjá níbí lẹ́ẹ̀mẹta? Mo kí ọ, o gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí ọ tí o ń wọ ọkọ̀ yẹn, mo pariwo, o ò wẹ̀yìn. A kì í wọ ọkọ̀ tó bá dá dúró sójú títì. Inú gáréèjì la ti ń wọ̀ ọ́." Ègùn ni ìyá náà, ohùn Bàdágìrì ṣì wà nínú Yorùbá rẹ̀. Ó gbé àpótí tó fi ń jókòó fún mi, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì. Mo yọ ìwé pélébé inú bàtà mi, ó fi fóònù ara rẹ̀ pe àǹtí mi. Búrẹ́dì rẹ̀ tà tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n lọ. Òun kò lọ. Ó dúró tì mí fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, títí àǹtí mi fi dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un lówó, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yín lọ sílé."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Orúkọ burúkú Èkó ni mo fi ṣe oǹdè lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́. Kò kìlọ̀ fún mi nípa ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní, nítorí pé ẹni tó ní olè ni gbogbo èèyàn kò lè sọ èyí tó jẹ́ olè gan-an fún ọ. Ohun tó ṣe ni pé ó gba ààbò kan ṣoṣo tí àlejò ní lọ́wọ́ mi, èyí tí í ṣe ẹnu láti béèrè. Ẹni tó lè gbà mí là ni mo sá fún, ẹni tó fẹ́ jà mí lólè ni mo sá lọ bá. Ìmọ̀ràn tó ṣe mí láǹfààní lọ́jọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ni ti Màmá, nítorí pé ó sọ ohun tí n ó ṣe gan-an: kọ nọ́ńbà sínú ìwé, fi í sínú bàtà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó a máa sọ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 20 mílíọ̀nù. Ká ní ẹnì kan nínú 10,000 ló pàdé olè lọ́dún kan. Ní ìlú kékeré tí èèyàn 50,000 ń gbé, ẹni márùn-ún péré nìyẹn. Ní Èkó, 2,000 ni. Ewu kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlú kékeré yóò ní ìtàn márùn-ún, Èkó yóò ní ẹgbàá. N kò sọ pé iye tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, n kò sì sọ pé ewu Èkó kò ju ti ibòmíràn lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye ìtàn tí etí wa gbọ́ kò lè sọ fún wa bí ewu ti pọ̀ tó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun mìíràn tún wà. Àwa àlejò máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nítorí tiwa ni olè Èkó ṣe wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀ jù: òṣìṣẹ́ tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lálẹ́ tí wọ́n na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀ lójú fèrèsé, obìnrin tó ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jà wọ́n lólè tán, àwa tí a wà lẹ́yìn odi tún máa ń pe àwọn gan-an lólè. Ẹ bi ọ̀dọ́ tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ bí ojú àwọn èèyàn ti máa ń yí padà bó bá dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ yìí kan náà ló tọ́ Odion Ighalo agbábọ́ọ̀lù dàgbà, ibẹ̀ sì ni Daddy Showkey olórin ti jáde.

Síbẹ̀, n kò ní dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan ní Èkó. Irọ́ nìyẹn náà, ó sì lè pa àlejò lára. Wán ṣáǹsì kò tíì tán. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìwà ọ̀daràn wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ níbẹ̀ kò nílò ìṣirò mi. Ìdájọ́ tèmi ni pé ìkìlọ̀ tó dá ìlú kan lẹ́jọ́ lódindi kò tọ́ sí ìlú náà, kò sì wúlò fún àlejò. Ìkìlọ̀ tó wúlò máa ń sọ ibi tí ewu wà, ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, àti ọ̀nà tó ń gbà wá.

Nítorí náà, mo tún pe Màmá padà, mo sì sọ ìyókù ìtàn náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ èyí láti ọjọ́ yìí?" Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé ojú ló ń tì mí. Bí gbogbo Èkó bá jẹ́ olè, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń kí mi tí n kò dáhùn, a jẹ́ pé mo lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí fóònù, a sì ṣètò ìrìn àjò náà. Ọkọ̀ ojú irin ni yóò wọ̀ láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn lọ sí ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, ọ̀sán ni yóò sì dé. Inú gáréèjì ni yóò ti máa wọ ọkọ̀, tàbí BRT. Bó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní fi fóònù sẹ́bàá fèrèsé. Yóò tọ́jú nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 àti 767, sórí fóònù àti sínú ìwé. Màmá ní kí ìwé náà wà nínú bàtà. Èmi fi ọ̀kan kún un: kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, kó ti mọ orúkọ ẹni tó ń tajà ní ìkángun àdúgbò tó bá ń gbé, kí onítọ̀hún náà sì mọ tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ló lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ti pè pé òun ti dé láyọ̀, Màmá tún pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn, kí lorúkọ rẹ̀? Mo fẹ́ máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà mi."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. N kò béèrè.