Girama Kọ́ Ló Ba Faust Jẹ́



Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde, tó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wá kò lè rọ́wọ́ mú ní yunifásítì. Gerry Faust ni òǹkọ̀wé náà fi ṣe ẹ̀rí. Lóòótọ́, ní girama Moeller, nílùú Cincinnati, Faust borí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ó sì ṣọ̀wọ́n kó pàdánù; ní yunifásítì Notre Dame, láti 1981 sí 1985, ó borí nígbà 30, ó sì fìdí rẹmi nígbà 26. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnìkan ṣoṣo la fi ń ṣòfin ni? Girama Massillon, ní Ohio, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Paul Brown náà ti wá. Ó mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké ìlú náà máa kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n ayò tirẹ̀ gan-an, débi pé kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti mọ ibi tó yẹ kó dúró sí lórí pápá. Ó dé yunifásítì Ohio State ní 1941. Ní 1942, ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè.

Ẹlòmíràn lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, girama Springdale, ní Arkansas, ni Gus Malzahn ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2005. Ní sáà 2013, ó kó yunifásítì Auburn dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, níbi tí Florida State ti fi àmì mẹ́ta péré borí wọn. Àmọ́ Malzahn ti kọ́kọ́ ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì, èyí tí Faust kò ṣe rárá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣòro Faust wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ àṣìṣe àwọn tó gbà á síṣẹ́ di ẹ̀bi gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá girama.