Ọkọ̀ Tí Ó Mọ Eré Í Sá, Ó Yẹ Kí Ó Mọ Ìdúró

Bí àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bá péjọ, tí nwọ́n sì kan àwọn ọkọ̀ eré tí ilé-iṣẹ́ Jaguar ṣe ní ìlú Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́hìn Ogun Àgbáiyé Kejì, kì í pẹ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀. Mẹ́ta li àwọn ọkọ̀ náà: XK120, XK140 àti XK150. Ọ̀pọ̀ ènìà a máa wí pé àkọ́bí li ó dára jù, àti pé ńṣe li àwọn àbúrò rẹ̀ kàn ń sanra sí i. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, XK150 tí nwọ́n ń pè ní asanra náà li ó pé jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn kí a tó dá ẹjọ́. Ní 1922, ní ìlú Blackpool, William Lyons àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Walmsley bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìjókòó tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Ní 1928 nwọ́n kó lọ sí Coventry, ní 1945 ilé-iṣẹ́ náà sì di èyí tí a ń pè ní Jaguar. Nígbà ogun, tí bọ́m̀bù ń bọ́ lu ìlú náà, Lyons àti àwọn ẹlẹ́rọ rẹ̀, William Heynes, Walter Hassan àti Claude Baily, a máa ṣọ́ iná ní ilé-iṣẹ́ wọn lóru. Níbi ìṣọ́ náà ni nwọ́n ti ń jíròrò ẹ́ńjìnì tí nwọ́n fẹ́ ṣe bí àlàáfíà bá dé. Èyí li ó di ẹ́ńjìnì XK: sìlíńdà mẹ́fà, ọ̀pá méjì lókè tí ń ṣí fáàfù rẹ̀ tí ó sì ń tì í, àti agbára tí ó tó ti ẹṣin 160.

Ọkọ̀ ńlá ti àwọn ọlọ́lá ni nwọ́n pèsè ẹ́ńjìnì yìí fún, ṣugbọ́n ara ọkọ̀ náà kò tíì délẹ̀, àfi ní 1950. Nítorí náà, kí nwọ́n lè fi ẹ́ńjìnì tuntun han aiyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ti Earl's Court ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù October 1948, nwọ́n yára ṣe ọkọ̀ eré kan tí kò ní ju ìjókòó ènìà méjì lọ. XK120 nìyẹn. Nọ́m̀bà 120 náà dúró fún iye máìlì tí nwọ́n ní ó lè sá ní wákàtí kan. Àwọn kan kò gbàgbọ́. Ṣugbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù May 1949, Ron Sutton wa ọ̀kan ní ojú ọ̀nà Jabbeke ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì sá ju máìlì 132 lọ ní wákàtí. Gbogbo ẹnu sì pamọ́.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni nwọ́n rò pé àwọn yíò ṣe. Nítorí náà, páànù alumíníọ̀mù tí a kàn mọ́ igi ni nwọ́n fi ṣe ara nǹkan bí 240 àkọ́kọ́. Ṣugbọ́n àwọn oníbàárà ya bo wọn, pàápàá láti Amẹ́ríkà, níbi tí Clark Gable, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ní i. Ní ọdún wọnnì, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń tajà sí òkè òkun ni ìjọba sì ń fún ní irin. Báyìí ni ohun tí a ṣe fún ìpàtẹ di òwò ńlá, tí nwọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi irin ṣe ara rẹ̀ ní 1950.

Kò sí ẹni tí ó rí ọkọ̀ yìí tí kò yìn ín. Iwájú rẹ̀ gùn, ẹ̀hìn rẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ bí omi tí ń ṣàn lórí àpáta. Ṣugbọ́n àwọn àgbà wa bọ̀, nwọ́n ní ìwà lẹwà, ìwà ọkọ̀ yìí sì ní àbùkù kan. Bí ó ti ń sáré tó, bíréèkì rẹ̀ kò tó o dá dúró. Irú bíréèkì ti ìgbà náà ni: ìlù irin kan wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun méjì a sì máa tẹ̀ mọ́ ọn láti inú wá bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré líle, ooru a mú un, ìlù náà a wú kúrò lọ́dọ̀ ohun tí ń tẹ̀ ẹ́, awakọ̀ a sì máa tẹ bíréèkì tí kò dá a lóhùn mọ́.

Ní 1950, XK120 mẹ́ta lọ sí ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Èyí tí Leslie Johnson àti Bert Hadley ń wà bá àwọn aṣíwájú du ipò títí ó fi ku wákàtí mẹ́ta péré. Ṣugbọ́n nítorípé bíréèkì ti ń rẹ̀, ẹ́ńjìnì ni nwọ́n fi ń bá a dá ọkọ̀ náà dúró, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì bàjẹ́. Eré kọ́ ni ó jẹ́ kí ó kùnà, ìdúró ni.

Àwọn ará Jaguar gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dáradára. Àwọn àti ilé-iṣẹ́ Dunlop jọ mú irú bíréèkì mìíràn tí a ti ń lò nínú ọkọ̀ òfuurufú wá sí orí ọkọ̀ ilẹ̀: àwo irin pẹrẹsẹ tí ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, tí ohun méjì ń fún láti ọ̀tún àti òsì. Nítorípé gbangba ni àwo náà wà, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ooru rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lọ. Ní 1952 Stirling Moss fi C-type tí ó ní bíréèkì yìí borí ní Reims. Ní 1953 Tony Rolt àti Duncan Hamilton fi òmíràn borí ní Le Mans. Ìgbà náà ni ẹnìkan kọ́kọ́ sá ju máìlì 100 lọ ní wákàtí, ní ìpíndọ́gba gbogbo ìdíje náà.

Nísisìyí, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbàtí XK140 jáde ní ìparí 1954, ọdún kan ti kọjá lórí ìṣẹ́gun yẹn. Nwọ́n ti sún ẹ́ńjìnì síwájú ní íńṣì mẹ́ta kí ẹsẹ̀ awakọ̀ lè ráyè. Nwọ́n ti mú ọwọ́ ìdarí rẹ̀ dára sí i. Nwọ́n sì ti sọ agbára rẹ̀ di ti ẹṣin 190. Gbogbo èyí dára. Ṣugbọ́n bíréèkì onílù náà ni nwọ́n tún fi sí i! Eré pọ̀ sí i, ìdúró kò kúrò ní ojú kan. Ní 1956, TR3 tí Triumph ń ṣe, tí owó rẹ̀ kéré sí ti Jaguar púpọ̀, ti ń gbé bíréèkì aláwo ní ẹsẹ̀ iwájú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á. Ó di 1957 kí XK150 tó jáde, kí bíréèkì náà sì tó dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ eré tí Jaguar ń tà fún gbogbo ènìà.

A mọ ohun tí àwọn kan yíò wí. Nwọ́n yíò ní ohun tuntun kì í ti ojú ìdíje bọ́ sí ọwọ́ oníbàárà ní ọjọ́ kan. Pé a ní láti kọ́kọ́ dán an wò nínú òjò àti nínú ẹrẹ̀, kí a sì mú owó rẹ̀ wálẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ṣugbọ́n bí ohun tuntun bá gba sùúrù, kí agbára ẹ́ńjìnì náà ní sùúrù! Kí ló dé tí agbára fi tètè délé oníbàárà, tí ààbò sì ń fà lẹ́hìn? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Agbára ni oníbàárà ń bèrè. Òun li ó ń dún, tí aládùúgbò ń gbọ́. Bíréèkì kì í dún, kò sì sí ẹni tí ó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde láti wá wo bí ọkọ̀ òun ti ń dúró. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tí ń tà nìkan. Àwa tí ń rà jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí nwọ́n bá wí pé XK150 tóbi, tí ó sì wúwo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, a gbà. Bí nwọ́n bá ní kò lẹ́wà tó o, àwa kò ní bá wọn jà. Ṣugbọ́n òun li ó kọ́kọ́ jẹ́ kí awakọ̀ lásán, tí kì í ṣe olùdíje, ní ìdúró tí ó bá eré rẹ̀ mu. Àní nígbàtí agbára irú rẹ̀ kan di ti ẹṣin 250 ní 1958, ohun tí ó lè kápá rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà, Jaguar kò padà sí bíréèkì onílù fún ọkọ̀ eré rẹ̀ mọ́. Nígbàtí E-type jáde ní 1961, aláwo ni gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí àwọn aṣọ́nà nì gbìmọ̀ rẹ̀ lóru sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1992.

Ọkọ̀ tí nwọ́n ṣe nínú irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lé ní 30,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rìn títí di òní. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ràn XK120 máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Arẹwà ni, kò sí àní-àní. Ṣugbọ́n bí ó bá di pé kí á wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí aya àti ọmọ wà nílé tí nwọ́n ń retí wa, èwo li ẹnyin yíò mú? Àwọn baba wa ní, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yíò mú oyè jẹ, asárétete kò rí oyè jẹ. Àwa kò wí pé kí ọkọ̀ má sáré. Ohun tí a ń wí ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra ọkọ̀, tuntun tàbí àlòkù, kí ó kọ́kọ́ bèrè bí ó ti ń dúró kí ó tó bèrè bí ó ti ń sá. Bí àwa oníbàárà bá bèrè rẹ̀, àwọn tí ń ṣe é kò ní jẹ́ kí a dúró pẹ́ kí nwọ́n tó fún wa.