Ẹ Kọ Ìwé Ogún Yín Nígbà Tí Ara Ṣì Le

 

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ yín kì í fẹ́ gbọ́ ni mo gbé wá. Bí mo bá ti dárúkọ ìwé ìhágún ní ìpàdé, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní wíìlì, àwọn kan á máa ta ìka yí orí wọn ká: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, akọ̀wé tún fẹ́ pè wá lókùú." Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìwé pa rí? Obìnrin kan mọ iye àpò gààrí tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó mọ ẹni tó gbé àwìn lọ sí òdìkejì bọ́dà tí kò tíì san. Orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí orí yẹn bá dákẹ́, ajigbèsè ló jogún.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti fọ́ọ̀mù báńkì. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kan síbi tí wọ́n ti ń béèrè nẹ́sì ọ́fù kín, ẹ wá rò pé ọ̀rọ̀ ogún ti tán. Irọ́ ni! Ẹni tí báńkì máa wá kàn sí ni, kò sọ ọ́ di olówó. Tí ìyá bá kú, báńkì á ti àkáǹtì pa, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ lọ gba ìwé àṣẹ láti kóòtù gíga. Ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Ti páwà ọ́fù átọ́nì náà wà níbẹ̀. Ọmọ á gbé ìwé wá: "Màámi, ẹ tẹ ìka síbí, n óò máa bá yín lọ sí báńkì." Mi ò sọ pé kò dára. Tí ẹsẹ̀ bá ń dunni tí a kò lè dé Abẹ́òkúta, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá bá kú ni agbára ìwé yẹn kú pẹ̀lú rẹ̀, kò lè di ìwé ogún láé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ọmọ lè ṣe sínú rẹ̀: kó gba owó ilé, kó san owó ìsọ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ kó ta ilẹ̀, kí wọ́n kọ ìyẹn náà. Òfin sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ẹ má tẹ ìka sí ohun tí wọn kò kà fún yín.

Àwọn kan ní àṣà wa ti tó. Ṣé ẹ mọ ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní Èkó? Ọkùnrin náà kú ní 1940, kò kọ ìwé, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́rin. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in ni, iye ìyàwó tó bímọ, àbí orí-ò-jorí, iye ọmọ? Ẹjọ́ yẹn dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó dá a ní 1962 pé ìdí-igi ni. Ọdún méjìlélógún!

Ìyàwó ńkọ́? Nínú àṣà, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ní 1997 kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ nínú ẹjọ́ Akinnubi pé opó tí wọ́n fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ Yorùbá kò lè gba àṣẹ láti máa ṣàkóso ogún ọkọ rẹ̀. Ní 2014 kóòtù yẹn náà bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tó ń lé opó kúrò nílé ní Awka. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó lówó àtidúró ní Àbújá? Ohun tí ẹ bá fi owó yín rà, ẹ gba rísíìtì ní orúkọ ara yín.

Ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kó jọ, àwọn ọmọ wa ló ń jogún rẹ̀. Ó dára. Ọmọ àbúrò yín tó ń bá yín ru igbá láti kékeré, àṣà kò mọ̀ ọ́n. Ìwé nìkan ló lè dárúkọ rẹ̀.

Àwa ará Ìlárá tún ní tiwa. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn sí ní 1889 gba àárín àwa Kétu kọjá. Ilẹ̀ tí ẹ rà ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ibẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Láti 2004 ni òfin ẹbí wọn sì ti gba agbára lọ́wọ́ àṣà, tí aya ní ìpín nínú ogún ọkọ. Ìwé Abẹ́òkúta nìkan kò tó fún irú ilẹ̀ yẹn, ẹ wá lọ́yà ọ̀hún.

Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níjokòó nígbà tí ẹ bá ń tẹ ìka, kí wọ́n jọ rí i, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ẹni tí ẹ pín nǹkan fún tàbí ọkọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ìpín rẹ̀ á bọ́. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe tiyín láti pín; ìsọ̀ káńsù, ẹ bi káńsù. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, wàsíyà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ẹ bi ààfáà yín. Ẹ lè fi ìwé náà pamọ́ sí kóòtù gíga ní Abẹ́òkúta.

Ẹ má sọ fún mi pé owó lọ́yà pọ̀. Mo mọ iye tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀wé, kó kó rísíìtì rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó gbé àwìn lọ wá bá mi lọ́jọ́ ọjà. N óò bá a tò ó sínú ìwé kó tó lọ bá lọ́yà, n óò sì kà á sí i létí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́