Owó Kánsù àti Ìbò Kánsù

Ayọ̀ ńlá ni ó sọ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa dájọ́ pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, pé kí Ìjọba Àpapọ̀ máa san án tààrà fún àwọn kánsù 774 tí ó wà ní Nàìjíríà, àti pé kánsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kò gbọdọ̀ gba nínú owó náà. Àwa náà bá wọn yọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà oko wa ti rí, tí ó sì ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń pàtẹ ọjà nínú ẹrẹ̀, kò ní béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí owó bá dé ọwọ́ alága kánsù, ta ni ó fi alága náà sí ipò? Ìwé òfin ọdún 1999 ṣe ìlérí fún wa, ní abala keje, pé ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn ni a ó máa ní. Ìwé òfin yìí kan náà ni ó fún gómìnà ní àṣẹ láti yan àwọn tí yóò jókòó nínú àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ó dà bí ẹni tí ó jókòó ta ayò, tí ó tún ń ṣe adájọ́ láàárín ara rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀. Ta ni kò mọ ẹni tí yóò jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé ó burú ju àwọn yòókù lọ. Ní ìdìbò gómìnà ọdún 2018, ìbò 482 péré ni ó wà láàárín ẹgbẹ́ APC àti PDP. Èrò àwọn ènìyàn Ọ̀ṣun pín sí méjì gédégédé. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò kánsù ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, tí APC wà lórí oyè tí ó sì kù díẹ̀ kí ó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ipò alága 30 ni APC kó. PDP fà sẹ́yìn. Ilé-ẹjọ́ sì fagi lé ìbò náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2025, PDP ni ó wà lórí oyè. Wọ́n tún dìbò. Gbogbo ipò alága 30 ni PDP kó, APC ni ó fà sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí. Ọgbọ̀n nígbà tí ti àkọ́kọ́, ọgbọ̀n nígbà tí ti èkejì! Ìlú tí ìbò 482 pín ní ọjọ́sí ti di ọlọ́kàn kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí ọkàn rẹ̀ padà tọmọdé-tàgbà láàárín ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin.

Kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ìdájọ́ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan jáde ní oṣù Kejì náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n wọ̀yá ìjà ní àwọn ilé iṣẹ́ kánsù, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kánsù ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé. Ìjọba Àpapọ̀ dá owó kánsù dúró. Owó tí ilé-ẹjọ́ ní kí ó máa dé tààrà ní 2024, kò dé rárá ní ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2025, nítorí pé àwọn méjì ni wọ́n ń pe ara wọn ní alága ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùkọ́ ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Òfin fi ọwọ́ kánsù sí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti inú owó wọn sì ni a ti ń yọ owó oṣù yín. Àwọn àgbà láàárín yín kò gbàgbé ọdún 1991, nígbà tí ìjọba ológun gbé ẹrù náà ka orí àwọn kánsù, tí olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ láìrí owó gbà, títí wọ́n fi tún sọ ọ́ kalẹ̀ ní 1993. Ẹ̀rù tí ó ba ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lẹ́yìn ìdájọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ. Àwa fara mọ́ ọn pé kí owó dé ọwọ́ kánsù. A kò fara mọ́ ọn pé kí owó oṣù olùkọ́ di ohun tí alága kan yóò máa fi tọrọ ìbò. Kí òfin kọ́kọ́ ya á sọ́tọ̀, kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní kí a gbé ìbò kánsù fún àjọ elétò ìdìbò ti orílẹ̀-èdè. Ó lè ṣe wá ní àǹfààní, ṣùgbọ́n Ààrẹ ni ó ń yan àwọn ti ibẹ̀ náà, àtúnṣe ìwé òfin sì nílò kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbà á wọlé. Àwọn ilé aṣòfin wo? Àwọn tí wọ́n ń wo ojú gómìnà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ti ìjọba àti ti alátakò, ẹ̀yin ni a ń bá wí. Nígbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, tí ẹnìkan sì fa orúkọ kánsílọ̀ àti ti alága yọ láti inú àpò, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba pé ta ni ó kọ ọ́, kí ẹ sì ní kí a dìbò níbẹ̀ lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìdìbò, iye tí ẹ bá kà ni kí ẹ kọ sílẹ̀.